Ìwé Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Tí Ó Mú Mi Lọ Tọrọ Àforíjì

Ẹ̀rí ohun rere tí Olúwa ṣe ni a sábà máa ń kà nínú ìwé wa yìí. Èyí tí mo mú wá lónìí yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ìjẹ́wọ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ó tó di ẹ̀rí. Mo ti gba àyè lọ́wọ́ ẹni tí mo ṣẹ̀ kí n tó kọ ọ́.

Ọmọ Fìdítì ni mí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ àtijọ́ kọjá yóò ti rí ọsàn wa tí a pàtẹ sí etí títì. Oko ọsàn ni bàbá mi fi tọ́ wa. Kì í ṣe ènìyàn sísanra, kì í mu sìgá, àìsàn kì í sì í dá a dùbúlẹ̀. Ní ọdún 1982 ó fẹ́ ìyàwó kejì, ọmọ Ìlọrà, tí àwa ọmọ ń pè ní Ìyá Kékeré. Iṣẹ́ ẹ̀kọ ni ó ń ṣe, ẹ̀kọ rẹ̀ sì dùn púpọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1984, bàbá mi jẹ ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí Ìyá Kékeré gbé fún un, ó mú àdá, ó gba oko lọ. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti gbé òkú rẹ̀ wálé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí wọ́n jọ wà ní oko sọ pé ó ṣàdédé di àyà mú ni, òógùn bò ó, ó ní ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ lé òun láyà. Ó jókòó sí ìdí igi ọsàn kan, kò sì dìde mọ́. Ọmọ ọdún 54 ni. Èmi jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà náà.

Ẹ̀yin náà mọ òwe tí àwọn àgbà máa ń pa: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Ní ilé wa, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ igbe àjẹ́. Abọ́ ẹ̀kọ nìkan ni a rí. Kí ọjọ́ kẹjọ òkú tó pé, wọ́n ti kó ẹrù Ìyá Kékeré síta. Ó pọn ọmọkùnrin rẹ̀, tí kò ju ọmọ ọdún kan lọ, ó sì padà sí Ìlọrà. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó tún jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀. Bí a bá ní ìnáwó ní Ìlọrà, a máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n má ra ẹ̀kọ jẹ níbẹ̀.

Ní ọdún 2013, ẹ̀gbọ́n mi yẹn kan náà, tí ó ti di tísà, ṣubú ní ẹnu iṣẹ́. Àyà ni òun náà dì mú. Kí a tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti kọjá lọ. Ọmọ ọdún 51 ni. Ní àkókò yìí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, mo ti di pásítọ̀, gbogbo ìdílé sì wojú mi. Mo pe ìṣọ́ òru ọjọ́ mẹ́ta. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, tí mo ń pariwo pé agbára tí ó fi oúnjẹ pa bàbá, tí ó tún padà wá mú ọmọ, kí iná jó o, kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tí mo ń bá wí. Fìdítì sí Ìlọrà kò jìnnà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé àwọn oníbàárà rẹ̀ já a sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi da ìkòkò ẹ̀kọ dé. Ẹ̀yin ará, mo gbọ́ ọ, n kò sì sọ nǹkan kan.

ÌPÈ LÁTI LONDON

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi tí ó ṣaláìsí yìí pè mí láti London, níbi tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.” Ó ní dókítà òun bi òun léèrè pé ọmọ ọdún mélòó ni bàbá òun nígbà tí ó kú. Ó dá a lóhùn. Dókítà tún bi í nípa bàbá bàbá rẹ̀. Ó dá a lóhùn. Ni wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n yẹ ohun kan wò nínú rẹ̀ tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, wọ́n sì rí i pé ó ga. Ó ní, “Wọ́n ní kí n sọ fún gbogbo ẹni tí a jọ jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ pè.”

Kí ó tó parí ọ̀rọ̀ ni mo ti ń sọ pé, “A kò gbà á! Ọlọ́run má jẹ́ẹ̀!” Ó dákẹ́ títí mo fi tán. Ó wá ní, “Àmín, Dádì. Mo ti gbàdúrà kí n tó pè yín. Àyẹ̀wò ni mo ní kí ẹ lọ ṣe.”

N kò rí oorun sùn ní òru ọjọ́ náà. Mo ṣí Bíbélì sí Númérì orí 13, níbi tí Mósè ti rán ènìyàn 12 lọ wo ilẹ̀ Kénáánì. Mo ti fi ibẹ̀ wàásù láìmọye ìgbà pé àwọn 10 ṣẹ̀ nítorí pé wọ́n mú ìròyìn òmìrán wá. Òru yẹn ni mo tó rí i pé Kálébù kò fi ìgbà kankan sọ pé kò sí òmìrán níbẹ̀. Ohun kan náà ni ojú gbogbo wọn rí. Ohun tí wọ́n ní kí a ṣe sí i ni ó yàtọ̀. Olúwa fúnra rẹ̀ ni ó sì ní kí wọ́n lọ wò ó. Èmi tí mo ń ya ìròyìn ya kí n tó kà á, mo ń pe ìbẹ̀rù mi ní ìgbàgbọ́.

KÍ NI WỌ́N Ń WÁ NÍNÚ Ẹ̀JẸ̀?

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gba ẹ̀jẹ̀ mi ní ilé àyẹ̀wò fi sùúrù dá mi lóhùn gbogbo ìbéèrè mi, dókítà tí mo rí lẹ́yìn náà sì fi kún un. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ṣe yé mi.

Ọ̀rá kan wà nínú ara tí wọ́n ń pè ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Kì í ṣe májèlé. Ẹ̀dọ̀ wa ń ṣe é, ara sì nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ni ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá àti omi kì í sì í dàpọ̀. Ẹ wo bí epo ṣe máa ń léfòó lójú ọbẹ̀. Nítorí náà, ara ní láti di ọ̀rá yìí sínú ẹrù kéékèèké tí ojú kò lè rí, kí ó tó lè rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Èmi fi ọsàn Fìdítì yé ara mi. Ọsàn kò lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ọjà Bódìjà, ọkọ̀ ni ó ń kó o. Ọkọ̀ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LDL, tí ń kó ọ̀rá kiri ara. Bí ọkọ̀ yìí bá pọ̀ jù lójú ọ̀nà, ẹrù rẹ̀ a máa dà sára iṣan ẹ̀jẹ̀, ọ̀nà a sì máa há díẹ̀díẹ̀. Òmíràn wà tí ń jẹ́ HDL, tí ń kó lára ọ̀rá náà padà sí ẹ̀dọ̀. Bí ọ̀nà bá dí lójijì nínú iṣan tí ń bọ́ ọkàn, ènìyàn a di àyà mú. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ń lọ sí ọpọlọ ni ó dí, rọpárọsẹ̀ nìyẹn.

Àyẹ̀wò tí a mọ̀ ní ilé àyẹ̀wò wa máa ń sọ iye gbogbo kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ti LDL, ti HDL, àti ti ọ̀rá mìíràn tí ń jẹ́ triglyceride. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mìíràn tún wà tí kì í hàn nínú rẹ̀. Lp(a) ni wọ́n ń kọ ọ́. Kåre Berg, onímọ̀ ará Norway, ni ó ṣàwárí rẹ̀ ní ọdún 1963. Ó jọ LDL, àfi pé èròjà purotéènì kan so mọ́ ọn lẹ́yìn, bí ọkọ̀ tí wọ́n so ẹ̀wọ̀n mọ́ nídìí, tí ẹ̀wọ̀n náà ń wọ́ nílẹ̀, tí ó sì ń kọ́ ohun tí ó bá kọjá lára rẹ̀. Nínú àyẹ̀wò tí a mọ̀, wọ́n máa ń ka ẹrù ọkọ̀ yìí mọ́ ti LDL. Àfi kí a béèrè rẹ̀ ní orúkọ kí a tó lè mọ iye tirẹ̀.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nìyí: kì í ṣe oúnjẹ ni ó ń mú un ga. Láti inú oyún ni ènìyàn ti ń gbà á lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá rẹ̀, iye rẹ̀ kì í sì í yí padà púpọ̀ títí di ọjọ́ ogbó. Ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ lè ní in, ẹni tí ń ro oko lójoojúmọ́ lè ní in. Ní gbogbo ayé, nǹkan bí ẹnì kan nínú 5 ni tirẹ̀ ga ju bí ó ṣe yẹ lọ. Bí òbí kan bá ní in, ọmọ kan lè gbà á, kí èkejì má gbà á.

Mo ti máa ń rò pé àrùn olówó àti ti òyìnbó ni ọ̀rọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Ìdí wà tí ènìyàn fi lè rò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan nípa ìlera àwọn àgbà ní Ìdíkàn, ní Ìbàdàn. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis, wọ́n sì rí i pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àwọn ará Ìdíkàn kéré sí ti àwọn yẹn. Oúnjẹ wa àti iṣẹ́ ọwọ́ wa ń ràn wá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ti Lp(a) kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2019 yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yà ènìyàn 7 wò káàkiri ayé: ti àwa ará Áfíríkà ni ó ga jù, ti àwọn ará Ṣáínà ni ó kéré jù. Àwọn ará Áfíríkà tí ó wà nínú ìwádìí náà kò pọ̀ tó láti fi hàn gbangba bí ó ṣe ń ṣe ọkàn wa sí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2012, ìwádìí mìíràn ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi ọdún 20 tọ àwọn ènìyàn lẹ́yìn, ti fi hàn pé ewu rẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú kò kéré sí ewu rẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ funfun.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍNÚ TÈMI

Wọ́n ní kí n má jẹun láti alẹ́ nítorí triglyceride; Lp(a) fúnra rẹ̀ kò nílò ààwẹ̀. Èsì tí a mọ̀ kọ́kọ́ jáde. Gbogbo kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù mi jẹ́ 188, HDL 46, triglyceride 100. Láti inú ìwọ̀nyí ni wọ́n ti ṣírò LDL: wọ́n pín 100 sí ọ̀nà 5, ó di 20; wọ́n yọ 46 àti 20 kúrò nínú 188, ó ku 122. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin ọpẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni mo dúró sí ni, ǹ bá ti padà wá jẹ́rìí nínú ìjọ pé kò sí nǹkan kan.

Ti Lp(a) pẹ́ díẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ilé àyẹ̀wò ni ó ń ṣe é. Wọ́n ní láti fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́. Bí ó bá ti kọjá 125 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n lò, a jẹ́ pé ó ga. Tèmi jẹ́ 210.

Mo bi dókítà pé oògùn wo ni yóò wẹ̀ ẹ́ kúrò. Ó ní oògùn tí òun yóò fún mi kò ní dín Lp(a) kù. Ṣùgbọ́n bí a kò bá lè lé ọkọ̀ elẹ́wọ̀n yìí kúrò lójú ọ̀nà, a lè dín àwọn ọkọ̀ tó kù kù, kí a sì tún ọ̀nà ṣe. LDL 122 lè má ba ẹlòmíràn lẹ́rù, ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó ní irú ẹ̀jẹ̀ mi, ó ga jù. Ó kọ oògùn tí wọ́n ń pè ní statin fún mi. Láti ara ohun tí ń mú oúnjẹ bu ni Akira Endo, ará Japan, ti kọ́kọ́ rí irú oògùn yìí ní àwọn ọdún 1970. Ọlọ́run wa kì í fi nǹkan ṣòfò. Ó tún ní kí n máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà, kí n máa rìn dáadáa lójoojúmọ́, kí n sì dín ọ̀rá ẹran àti dídín kù.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín. Bí bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín ọkùnrin bá ti ní àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ kí ó tó pé ọdún 55, tàbí tí ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín obìnrin ní in kí ó tó pé ọdún 65, ẹ sọ ọ́ fún dókítà láìfi bò. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì béèrè Lp(a) ní orúkọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré láyé ẹni tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Bí wọ́n bá fún yín ní oògùn, ẹ má fi àgbo tàbí òróró rọ́pò rẹ̀. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì lò ó. Bí àyà bá sì ń dun ẹnì kan bí ẹni tí a gbé ẹrù lé láyà, tí òógùn ń bò ó, ẹ má kọ́kọ́ pe èmi pásítọ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Máa bá yín níbẹ̀.

ÌLỌRÀ

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ìwé àyẹ̀wò mi kò lè jí bàbá mi dìde kí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó pa á. Ẹnikẹ́ni kò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, n kò sì ní parọ́ pé mo mọ̀ dájú. Ṣùgbọ́n bàbá di àyà mú ní ọmọ ọdún 54, ọmọ rẹ̀ di àyà mú ní ọmọ ọdún 51, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní in nínú ẹ̀jẹ̀ ní London, èmi náà ní in ní Fìdítì. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò jọ jẹ ẹ̀kọ ẹnì kankan. Ohun tí ó pa wá pọ̀ ni bàbá kan náà. Lórí kí ni mo fi na ọwọ́ sí obìnrin yẹn? Lórí abọ́ ẹ̀kọ kan.

Mo lọ sí Ìlọrà ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti ìyàwó mi. Ìyá Kékeré jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ti di arúgbó. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀. Mo sọ ohun tí mo ṣe ní ọdún 2013, mo sọ ti ìdílé wa láti ọdún 1984, mo sì sọ ti ìwé àyẹ̀wò náà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìgbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀wà. Nígbà tí mo tán, ó ní, “Ẹ dìde, ọkọ mi.” Bí ó ṣe ń pe gbogbo àwa ọmọ tí ó bá nílé ọkọ rẹ̀ nìyẹn, kò tíì gbàgbé. Ó ní, “Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ kò jẹ́ kí n sunkún ọkọ mi. Ẹjọ́ ni mo ń rò.”

N kò ní ìdáhùn kankan.

Mo ṣàlàyé pé ọmọ rẹ̀, àbúrò mi, ẹ̀jẹ̀ bàbá kan náà ni, ó sì yẹ kí a yẹ tirẹ̀ wò. Mẹkáníìkì ni, ọmọ ọdún 42. Ó bi mí pé, “Ẹ̀yin ni ẹ fẹ́ gbé e lọ?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo ojú mi pẹ́, ó sì ní kò burú. Mo san owó àyẹ̀wò náà. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde, tirẹ̀ kò ga rárá; ó jẹ́ 38. Lójú títì ilé àyẹ̀wò yẹn ni èmi àti àbúrò mi ti dì mọ́ra fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wa.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé tí mo ń sọ yìí, bí a ṣe fẹ́ máa lọ, ó ní kí a dúró. Ó wọlé, ó gbé ẹ̀kọ tútù méjì jáde nínú ewé, àti ọ̀lẹ̀lẹ̀. Kì í tà á mọ́, ti ẹnu ara rẹ̀ ni ó ń sè. Ó gbé e síwájú mi, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wò mí. Ìyàwó mi náà ń wò mí.

Mo gbàdúrà sí i, mo tú ewé rẹ̀, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀yin ará, bóyá nínú ìdílé tiyín náà, ẹnì kan wà tí a ti kó ẹrù rẹ̀ síta nítorí ikú tí ẹnikẹ́ni kò wádìí. Ẹ wá a lọ nígbà tí ó ṣì wà láàyè. Kí Olúwa dárí jì wá, kí ó sì la ojú wa. Àmín.